Harold Stephen Black

Harold Stephen Black (ọjọ́ 14 oṣù Kẹrin, ọdún 1898 – ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá, ọdún 1983) jẹ́ onímọ̀ ẹ̀rọ iná mànàmáná ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Òun ni ó ṣàwárí ìdápadà alátakò, ìlànà tí ó sọ amplifier, ìyẹn ẹ̀rọ tí ń sọ ohùn kékeré di ńlá, di ohun tí ó ṣeé gbára lé. Ìlànà yìí wà nínú rédíò, fóònù àti ẹ̀rọ kékeré tí a fi ń gbọ́ orin ní etí. Bí ó bá bàjẹ́, irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ lè pariwo lójijì.

Ìbẹ̀rẹ̀ ayé àti ẹ̀kọ́

Wọ́n bí Black ní ìlú Leominster, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts. Ó gba oyè nínú ìmọ̀ ẹ̀rọ iná mànàmáná ní Worcester Polytechnic Institute ní ọdún 1921, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ Western Electric. Ní ọdún 1925, ẹ̀ka ìwádìí ibẹ̀ di Bell Telephone Laboratories.

Ìṣàwárí

Ní àkókò náà, ìpè tẹlifóònù ọ̀nà jíjìn ní láti gba inú ọ̀pọ̀ amplifier kọjá. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn a máa fi àbùkù tirẹ̀ kún ohùn, títí ọ̀rọ̀ yóò fi dàrú. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ 2 oṣù Kẹjọ, ọdún 1927, Black wà nínú ọkọ̀ ojú omi tí ń gbé e sọdá odò Hudson lọ sí ibi iṣẹ́ nígbà tí ojútùú sọ sí i lọ́kàn. Ó yà á sórí ìwé ìròyìn The New York Times tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀: kí a dá díẹ̀ nínú ohùn tí ó jáde padà sí ẹnu ọ̀nà tí ó gbà wọlé, kí ó tako èyí tí ń wọlé. Agbára ẹ̀rọ yóò dínkù, ṣùgbọ́n àbùkù yóò pa ara rẹ̀ rẹ́. Nínú àyẹ̀wò oṣù Kejìlá ọdún náà, àbùkù dínkù ní ìlọ́po 100,000.

Ó béèrè fún ìwé ẹ̀tọ́ ìṣàwárí ní ọdún 1928, ṣùgbọ́n àwọn aláṣẹ kò tètè gbà pé ó lè ṣiṣẹ́. Ọjọ́ 21 oṣù Kejìlá, ọdún 1937 ni wọ́n tó fún un ní nọ́ńbà 2,102,671.

Ariwo òjijì

Bí ohùn tí a dá padà bá pẹ́ jù lójú ọ̀nà, àtakò á di àtìlẹ́yìn, ẹ̀rọ á sì máa ké fúnra rẹ̀. Irú igbe yìí ni à ń gbọ́ ní òde ìnáwó, ní Òkìtìpupa àti káàkiri ilẹ̀ Ìkálẹ̀, nígbà tí máíkì bá súnmọ́ sípíkà jù. Harry Nyquist, akẹgbẹ́ Black, ṣàlàyé ní ọdún 1932 ìgbà tí ẹ̀rọ yóò ké àti ìgbà tí kò ní ké.

Nínú ẹ̀rọ àgbékiri, bí ọ̀nà ìdápadà bá já, kò sí ìjánu mọ́. Gbogbo agbára ẹ̀rọ lè dé etí lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì lè pa etí lára. Nítorí náà, yíyọ earpiece kúrò ní etí ni ó ṣáájú àyẹ̀wò. Bí ariwo bá dúró nígbà tí a pààrọ̀ earpiece, earpiece ni ó ní àrùn. Bí ó bá ń wá tí ó ń lọ nígbà tí a mi ẹnu wáyà, ojú ihò rẹ̀ ni kí a wò. Bí a bá yí ohùn sílẹ̀ tí ariwo kò dínkù, àbùkù wà lẹ́yìn ibi tí a ti ń yí ohùn. Níbẹ̀ ni ojú lẹ́ẹ̀dì tí ó ti ya lè ti já ọ̀nà ìdápadà.

Ìgbẹ̀yìn

Black fi Bell Laboratories sílẹ̀ ní ọdún 1963. Wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sínú National Inventors Hall of Fame ní ọdún 1981. Ó kú ní ìlú Summit, ní ìpínlẹ̀ New Jersey, ní ẹni ọdún 85.