George Brummell: Ọmọ-ọmọ Ìránṣẹ́ tí ó Kọ́ Àrẹ̀mọ Gẹ̀ẹ́sì ní Aṣọ Wíwọ̀

Àwọn àgbà wa a máa wí pé ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀. Bí ẹnì kan bá wà nínú ìtàn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó fi òwe yìí ṣe iṣẹ́ òòjọ́ títí ó fi dé ẹ̀gbẹ́ ọba, tí òwe kan náà sì padà dá a lẹ́jọ́, George Bryan Brummell ni. Ẹ̀wù kóòtù tí kò ní ọ̀ṣọ́, ṣòkòtò gígùn, ẹ̀wù funfun àti táì tí àwọn ọkùnrin ń wọ̀ lọ sí ọ́fíìsì káàkiri ayé, òun ni ó tẹ ọ̀nà wọn dáadáa ju ẹnikẹ́ni lọ. Nítorí náà ni a ṣe rò pé ó yẹ kí àwọn òǹkàwé wa, pàápàá jù lọ ẹ̀yin olùkọ́, mọ ibi tí ọkùnrin yìí ti wá àti bí ọjọ́ rẹ̀ ti dé òpin.

Ọjọ́ 7 oṣù Kẹfà ọdún 1778 ni a bí Brummell ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù. Kì í ṣe ọmọ ìjòyè. Ìránṣẹ́ nílé ọlọ́lá ni baba-baba rẹ̀ kí ó tó di ẹni tí ń fi yàrá háyà fún àwọn ènìyàn. Baba rẹ̀ ni ó gbé ìdílé náà ga: ó di akọ̀wé fún Lord North, ẹni tí ó ṣe olórí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì láti 1770 títí di 1782. Owó tí baba yìí kó jọ ni a fi rán George lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ Eton, níbi tí àwọn ọmọ ọlọ́lá ti ń kàwé, àti lẹ́yìn náà sí Oxford, níbi tí kò pẹ́ sí. Baba náà kú ní 1794, ní ọdún kan náà tí ọmọ wọ iṣẹ́ ológun nínú ẹgbẹ́ ẹlẹ́ṣin tí Àrẹ̀mọ Ọba Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ ọ̀gá fún.

Ọmọ ọdún 16 péré ni, Àrẹ̀mọ sì ti lé ní 30. Ṣùgbọ́n ẹnu Brummell mú, ara rẹ̀ mọ́, ìṣe rẹ̀ sì wu Àrẹ̀mọ. Kò pẹ́ tí wọ́n fi di ọ̀rẹ́. Nígbà tí a ní kí ẹgbẹ́ ológun náà ṣí lọ sí Manchester, ó fi iṣẹ́ sílẹ̀, nítorí kò fẹ́ kúrò ní ìtòsí àwọn ènìyàn ńlá. Ní 1799, nígbà tí ó pé ọmọ ọdún 21, ogún baba rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, ó sì lé ní £20,000. Ó gba ilé sí òpópó Chesterfield ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì gbájú mọ́ iṣẹ́ tí ó yàn fún ara rẹ̀: aṣọ wíwọ̀.

Kí a tó lè mọ ohun tí ó ṣe, ó yẹ kí a rántí bí àwọn ọlọ́lá ayé ìgbà náà ti ń múra. Sẹ́dà àti àrán ni wọ́n ń wọ̀, pẹ̀lú okùn wúrà àti léèsì. Wọn a da àtíkè funfun sórí irun, tàbí kí wọ́n dé irun àtọwọ́dá. Ìwẹ̀ kì í ṣe àṣà ojoojúmọ́ fún ọ̀pọ̀ nínú wọn. Òórùn dídùn ni a fi ń bo òórùn ara mọ́lẹ̀. Ogun Faransé ti mú kí ènìyàn ronú lórí irú fáàrí bẹ́ẹ̀, ìjọba sì bu owó orí lé àtíkè irun ní 1795, gínì kan lọ́dún.

Brummell wá pa gbogbo rẹ̀ tì. Ó ń wẹ̀ lójoojúmọ́, ó ń fá irùngbọ̀n mọ́ fínnífínní, ó ń fọ eyín. Ẹ̀wù kóòtù aláwọ̀ aró tí a fi irun àgùntàn hun ni ó ń wọ̀, pẹ̀lú ẹ̀wù funfun ti ọ̀gbọ̀, ṣòkòtò tí ó bá ẹsẹ̀ mu, àti bàtà gígùn dúdú. Kò sí wúrà, kò sí òkúta iyebíye. Gbogbo ẹwà aṣọ náà wà nínú bí a ti gé e. Sẹ́dà kì í gbọ́ràn sí iná lẹ́nu, ṣùgbọ́n aṣọ irun àgùntàn ń gbọ́: bí télọ̀ bá fi omi àti irin gbígbóná lọ̀ ọ́, a fà níhìn-ín, a súnkì lọ́hùn-ún, títí yóò fi jókòó sára bí awọ. Àwọn télọ̀ bíi Weston, Meyer, àti Schweitzer òun Davidson ni wọ́n ṣe iṣẹ́ yìí fún un. Ẹ jẹ́ kí a má ṣe gbàgbé wọn, nítorí bí ojú Brummell ti mọ iṣẹ́ tó, ọwọ́ tiwọn ni ó mú abẹ́rẹ́.

Ọ̀já ọrùn ni ó tilẹ̀ lókìkí jù. Ṣáájú rẹ̀, ọ̀já àwọn ènìyàn a máa rọ̀ jọwọlọ sí àyà. Òun fi sítáàṣì díẹ̀ sí tirẹ̀ kí ó lè dúró. Bí ó bá wé e tí kò sì dára lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kì í tún un wé. Yóò sọ ọ́ nù, yóò mú òmíràn. Wọ́n ní ìránṣẹ́ rẹ̀ a máa kó ẹrù ọ̀já tí ó bàjẹ́ sọ̀kalẹ̀ láti yàrá lójoojúmọ́. Àrẹ̀mọ fúnra rẹ̀ a máa wá jókòó láti wò ó bí ó ti ń múra, bí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ti ń wo olùkọ́. Ẹ ronú sí i: ọmọ-ọmọ ìránṣẹ́ ni ẹni tí ó ń jọba lọ́la wá ń kọ́ ẹ̀kọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹni tí kò ní ilẹ̀, tí kò ní oyè, tí kò sì ní iṣẹ́ lọ́wọ́, kí ni yóò fi gbá ọba mú? Kò pẹ́ tí ọ̀rẹ́ di ọ̀tá. Níbi àríyá kan ní 1813, Àrẹ̀mọ kí àwọn ẹlòmíràn, ó sì ṣe bí ẹni tí kò rí Brummell. Brummell yíjú sí Lord Alvanley, ó béèrè lóhùn rara irú ẹni tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ sísanra yẹn í ṣe. Ọ̀rọ̀ náà pa gbogbo ìlú lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó ti ilẹ̀kùn ààfin mọ́ ọn títí láé. Tẹ́tẹ́ àti gbèsè ni ó parí iṣẹ́ náà. Nínú oṣù Karùn-ún ọdún 1816, ó sá gba orí òkun lọ sí Calais ní ilẹ̀ Faransé, wọ́n sì lu ẹrù ilé rẹ̀ ní gbàǹjo ní Lọ́ńdọ̀nù.

Nígbà tí Àrẹ̀mọ, tí ó ti di Ọba George Kẹrin, gba Calais kọjá ní 1821, kò bá a sọ̀rọ̀. Ní 1830 a fi Brummell ṣe kọ́ńsùlù Gẹ̀ẹ́sì ní Caen, ṣùgbọ́n àwọn tí ó jẹ ní gbèsè ni ó ń gba púpọ̀ nínú owó oṣù náà, a sì pa ipò náà rẹ́ ní 1832. Ní 1835 a jù ú sí ẹ̀wọ̀n nítorí gbèsè. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti ìlú òyìnbó ni wọ́n dá owó yọ ọ́. Àìsàn wọ inú ọpọlọ rẹ̀, ọkùnrin tí ó kọ́ ìlú ní ìmọ́tótó kò sì lè tọ́jú ara rẹ̀ mọ́. Nígbà mìíràn a máa tan àbẹ́là, a máa kí àwọn àlejò ọlọ́lá tí kò sí níbẹ̀. Ó kú sí ilé ìtọ́jú àwọn alárùn ọpọlọ ní Caen ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹta ọdún 1840, lẹ́ni ọdún 61.

Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni òkìkí rẹ̀ tún jí. Captain Jesse kọ ìtàn ayé rẹ̀ ní 1844. Ní 2002 a gbé ère rẹ̀ dúró sí òpópó Jermyn ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí àwọn oníṣòwò ẹ̀wù ọkùnrin pọ̀ sí. Ní 2013, ilé ìṣúra ọnà ní Providence ní Amẹ́ríkà ṣe ìpàtẹ nípa àwọn ọkùnrin ológe, orúkọ rẹ̀ sì wà níwájú níbẹ̀. Ní 2022, ilé ìṣúra Victoria and Albert ní Lọ́ńdọ̀nù ṣe ìpàtẹ ńlá lórí aṣọ ọkùnrin. Ní 2025, wọ́n tún ṣe òmíràn ní New York lórí bí àwọn aláwọ̀ dúdú ti sọ iṣẹ́ télọ̀ di tiwọn. Inú ìwé Olaudah Equiano ni wọ́n ti mú orúkọ ìpàtẹ yẹn: ó ra aṣọ àtàtà láti fi jó ní ọdún 1766 tí ó ra ara rẹ̀ padà kúrò lóko ẹrú. Ọdún 12 ṣáájú kí a tó bí Brummell ni èyí.

Èyí ni ohun tí a fẹ́ kí àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ mọ̀. Nígbà tí kóòtù òyìnbó dé Èkó, a gbé e kalẹ̀ fún àwọn baba wa bí ẹni pé ọ̀làjú fúnra rẹ̀ ni a rán sínú rẹ̀. Mojola Agbebi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ní 1894 ó bọ́ orúkọ David Vincent sílẹ̀, ó sì ń wọ aṣọ ilẹ̀ wa títí dé ìlú òyìnbó. Ìtàn Brummell gbè é lẹ́yìn. Aṣọ yẹn kò ti ọ̀run wá. Ọkùnrin kan tí baba-baba rẹ̀ jẹ́ ìránṣẹ́ àti àwọn télọ̀ mélòó kan ni wọ́n jókòó rò ó. Ẹni tí ó bá wù kí ó wọ̀ ọ́, ẹni tí agbádá bá wù kí ó dá agbádá. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe tẹríba fún aṣọ. Ìmọ́tótó tí Brummell fi kọ́ni dára, iṣẹ́ ọwọ́ tí ó bọ̀wọ̀ fún dára. Ṣùgbọ́n ó kó gbogbo ogún baba rẹ̀ lé ohun tí a ń bọ́ kọ́ sára ìṣó lálaalẹ́, nígbà tí ilẹ̀ sì ṣú, kò ku ohun tí yóò fi bora.