Abebe Bikila, ẹlẹ́sẹ̀ lásán tó sáré dé Róòmù

Lọ́jọ́ 10, oṣù kẹsàn-án, ọdún 1960, ẹ̀ṣọ́ ọba kan láti ilẹ̀ Etiópíà sá eré kìlómítà 42 ní Róòmù láìwọ bàtà, ó sì gba góòlù Òlíńpíìkì ní wákàtí 2, ìṣẹ́jú 15. Abebe Bikila lorúkọ rẹ̀.

Ẹni tó bá ti sáré kọjá Ọjà Tuntun n'Ìlọrin rí, tí ń mí hẹlẹ, yóò bi wá pé kí ló jẹ. Kì í ṣe oògùn o. Wọ́n bí i sí ilẹ̀ olókè lọ́dún 1932. Addis Ababa tó ti ṣiṣẹ́ fi ohun tó lé ní 2,300 mítà ga ju òkun lọ, nígbà tí Ìlọrin kò ju nǹkan bíi 300 lọ. Ọ́síjìn kò pọ̀ lójú afẹ́fẹ́ ibẹ̀, ara a sì máa pèsè sẹ́ẹ̀lì pupa púpọ̀ sínú ẹ̀jẹ̀ láti gbé ìwọ̀nba tó wà dé inú iṣan. Àmọ́ bó bá jẹ́ òkè nìkan ni, gbogbo ará Addis Ababa ni ì bá gba góòlù. Ìdánrawò líle lábẹ́ Onni Niskanen, ọmọ Sweden, ló sọ ọ́ di akọni.

Ní 1964, bí ọ̀sẹ̀ márùn-ún lẹ́yìn tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ sí i níkùn, ó tún borí ní Tokyo, ó sì fi ìṣẹ́jú 4 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ṣáájú ẹnì kejì. Lọ́dún 1968, Mexico City olókè ìbá bá a lára mu, àmọ́ egungun ẹsẹ̀ tó ń dùn ún kò jẹ́ kó kọjá nǹkan bíi kìlómítà 17.

Ìjàm̀bá ọkọ̀ sọ ẹsẹ̀ rẹ̀ di rírọ ní 1969. Ó kọ́ ọfà títa lórí kẹ̀kẹ́ arọ, ó sì fi díje nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Oṣù kẹwàá, ọdún 1973 ló kú, lẹ́ni ọdún 41.