Herbert Macaulay, Awọnlẹ̀

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ń béèrè èrè tí ó wà nínú ẹ̀kọ́ igun. Ẹ jẹ́ kí ìgbésí ayé Herbert Macaulay dá wa lóhùn.

Ọmọ-ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther ni; ní Èkó ni a bí i ní ọdún 1864. Ní 1890 ó lọ sí Plymouth ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ kọ́ṣẹ́. Ó padà dé ní 1893, ìjọba sì fi í ṣe awọnlẹ̀. Ní 1898 ó fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀, ó ń dá ṣe tirẹ̀.

Orí igun ni iṣẹ́ awọnlẹ̀ dúró lé. Bí irà bá wà láàárín àwa àti igi kan níhìn-ín ní Ìjagun, kò di dandan kí a wọ ẹrẹ̀. Kí a wọn ìlà kan lórí ilẹ̀ gbígbẹ, kí a wo igi náà láti ìpẹ̀kun ìlà náà méjèèjì, kí a sì ka igun méjèèjì. Bí èkíní bá jẹ́ dígírì 70, tí èkejì jẹ́ 60, ẹ̀kẹta kò lè ṣàì jẹ́ 50, nítorí 180 ni àpapọ̀ igun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Láti ibẹ̀ ni a ó ti ṣírò bí igi náà ti jìnnà tó.

Ẹni tí ó mọ ilẹ̀ í wọ̀n kò fẹ́ kí a rẹ́ onílẹ̀ jẹ. Nígbà tí ìjọba gba ilẹ̀ Olóyè Olúwa ní Àpápá, Macaulay bá a lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1920. Ní 1921 Ìgbìmọ̀ Ọba dá olóyè náà láre.

Ó kú ní Èkó ní 1946. Ẹ̀yin olùkọ́ ọ̀la, ẹ má fi ẹ̀kọ́ igun mọ sí ojú pátákó. Ẹ mú àwọn ọmọ jáde sí pápá.