Dwight Eisenhower: Ààrẹ Tí Àìsàn Ọkàn Kọ́ Ní Ìsinmi

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ìlera ni oògùn ọrọ̀. Òwe yìí kò yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀, ìbáà ṣe ọba tàbí mẹ̀kúnnù, àlùfáà tàbí ọmọ ìjọ. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a fẹ́ yẹ ìgbésí ayé Dwight Eisenhower wò, ọ̀gágun tí ó di ààrẹ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ẹni tí àìsàn ọkàn kọlù lóru ọjọ́ kan, tí ó sì ní láti kọ́ bí a ti ń gbé ayé lákọ̀tun nígbà tí ó kù díẹ̀ kí ó pé ẹni ọdún 65.

Ìpilẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀

A bí Eisenhower ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 1890 ní ìlú Denison ní ìpínlẹ̀ Texas, ṣùgbọ́n ìlú Abilene ní ìpínlẹ̀ Kansas ni ó ti dàgbà. Àwọn òbí rẹ̀ kì í ṣe olówó, síbẹ̀ wọn kì í fi kíka Bíbélì ṣeré nínú ilé wọn. Ó jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ológun ní West Point ní ọdún 1915, ó sì gbé Mamie Doud níyàwó ní ọdún 1916. Àkọ́bí wọn ọkùnrin kú ní ọdún 1921, nígbà tí ó ṣì jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ta.

Òun ni olórí gbogbo ọmọ ogun alájọṣepọ̀ tí wọ́n gúnlẹ̀ sí etíkun Normandy ní ilẹ̀ Faransé ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹfà ọdún 1944. Nígbà ogun náà, ó ń mu sìgá tó páálí mẹ́rin lójúmọ́. Ní ọdún 1949, ó jáwọ́ nínú rẹ̀ pátápátá. Ó di ààrẹ ní oṣù Kìíní ọdún 1953, ó sì ṣe ìrìbọmi nínú ìjọ Presbyterian ní Washington ní ọjọ́ 1 oṣù Kejì ọdún kan náà. Kò tijú pé òun ti lé ní ọgọ́ta ọdún kí òun tó ṣe é.

Òru tí ohun gbogbo yí padà

Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1955, Eisenhower wà nínú ìsinmi ní ìlú Denver. Ó gbá bọ́ọ̀lù gọ́ọ̀fù títí, wọ́n sì ń pè é lórí tẹlifóònù léraléra nítorí iṣẹ́ ìjọba, inú bí i gidigidi. Ó jẹ búrẹ́dì tí a fi ẹran lílọ̀ àti alùbọ́sà tútù sí. Nígbà tí àyà bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún lóru nínú ilé ìyá ìyàwó rẹ̀, wọ́n rò pé oúnjẹ ni kò dà, ìyàwó rẹ̀ sì fún un ní oògùn inú. Nígbà tí ìrora náà kò lọ, ó pe dókítà rẹ̀, Howard Snyder. Ìròyìn tí wọ́n kọ́kọ́ fi síta ní òwúrọ̀ ni pé inú ni ó ń yọ ààrẹ lẹ́nu. Ó di ọ̀sán kí ẹ̀rọ tó fi hàn pé ọkàn ni, kí wọ́n tó gbé e lọ sí ilé ìwòsàn àwọn ológun tí à ń pè ní Fitzsimons.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ níbí. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Denver ń ṣẹlẹ̀ láàárín wa lójoojúmọ́. Àyà a máa dun ènìyàn, a ó ní afẹ́fẹ́ inú ni, tàbí a ó ní àwọn ọ̀tá ni. Nígbà tí iṣan tí ó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ọkàn bá dí, ẹran ara ọkàn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í kú, bí wákàtí ti ń kọjá ni àdánù ń pọ̀ sí i. Bí ó bá ń ṣe ẹnikẹ́ni bí ẹni pé a gbé ẹrù lé e láyà, tí ìrora ń lọ sí apá tàbí àgbọ̀n, tí òógùn tútù ń bò ó, tí kò lè mí dáadáa, ilé ìwòsàn ni kí a gbé e lọ lójú ẹsẹ̀. Kí ẹni tí yóò gbàdúrà máa gbà á nínú ọkọ̀.

Ìgbé ayé titun

Ìròyìn náà mi ayé. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹsàn-án, iye owó ìpín ìdókòwò ní ọjà New York já wálẹ̀ ju ìdá 6 nínú 100 lọ. Paul Dudley White, àgbà dókítà ọkàn láti Boston, sọ òtítọ́ àìsàn náà fún gbogbo ènìyàn láìfi bò. Nígbà náà, ọ̀pọ̀ dókítà gbà pé ibùsùn nìkan ni ó yẹ irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. White kò fara mọ́ ọn. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n jẹ́ kí Eisenhower jókòó, kí ó dìde, kí ó rìn, kí ó tún kọ́ bí a ti ń gun àkàsọ̀. Ọ̀sẹ̀ méje ni ó lò níbẹ̀, ó sì jáde ní ọjọ́ 11 oṣù Kọkànlá.

Láti ìgbà náà, ó dín ọ̀rá kù nínú oúnjẹ rẹ̀, ó ń ṣọ́ bí ara rẹ̀ ti wúwo tó, ó ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, ó sì ń sinmi lọ́sàn-án. Èyí tí ó le jù fún un ni ìbínú. Àwọn dókítà kìlọ̀ fún un kí ó yẹra fún un, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ìgbà ni ó borí. Yíyàwòrán tí ó fẹ́ràn wà lára ohun tí ó ń fọkàn rẹ̀ balẹ̀.

Ó tún kọ́ láti pín ẹrù. Nígbà tí ó wà lórí àìsàn, igbákejì rẹ̀, Richard Nixon, ni ó ń darí ìpàdé àwọn mínísítà. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kejì ọdún 1956, nígbà tí ó kéde pé òun yóò tún díje, ó sọ fún ará ìlú ní gbangba pé òun kò ní lè ṣe gbogbo ohun tí òun ń ṣe tẹ́lẹ̀. Wọ́n sì tún dìbò yàn án.

Nígbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ díẹ̀ kọlù ú ní oṣù Kọkànlá ọdún 1957, tí ọ̀rọ̀ ń ṣòro fún un láti sọ, ó yára gbádùn. Síbẹ̀, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1958, ó kọ ìwé àdéhùn sí Nixon lórí bí yóò ṣe gba iṣẹ́ bí òun kò bá lè ṣe é mọ́. Ní ọdún 1967, wọ́n fi irú ètò bẹ́ẹ̀ kún òfin ilẹ̀ Amẹ́ríkà.

Ìparí rẹ̀

Ó fi ipò sílẹ̀ ní oṣù Kìíní ọdún 1961, ní ẹni 70 ọdún. Àìsàn náà padà wá ní ọdún 1965, ó sì tún kọlù ú léraléra ní ọdún 1968. Ó kú ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹta ọdún 1969, ní ẹni 78 ọdún. Wọ́n sin ín ní Abilene, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àkọ́bí rẹ̀. Ọdún mẹ́tàlá ààbọ̀ ni ó lò sí i lẹ́yìn òru Denver.

Ẹ̀yin àlùfáà wa, ẹ̀yin alàgbà àti olórí ẹgbẹ́, ọ̀rọ̀ yìí kàn wá. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni kò ní igbákejì tí ó mọ ibi tí kọ́kọ́rọ́ wà. Ọ̀pọ̀ ni kò tí ì wọn ẹ̀jẹ̀ ríru wò láti ọdún pípẹ́. Ẹ jẹ́ kí a lọ wọ̀n ọ́n, kí a sì yan ẹni tí yóò bá wa ru ẹrù ní ọ̀sẹ̀ yìí, nígbà tí ara ṣì le.