Ẹni tí ó Ṣí Ìlẹ̀kùn Ilé-ẹ̀kọ́ Gírámà

Bí a bá dárúkọ Macaulay láàárín àwọn ènìyàn wa, Herbert ni ọkàn gbogbo ènìyàn máa ń lọ sí, akọni tí ó fi gègé àti ẹnu bá ìjọba òyìnbó wọ̀yá ìjà títí ó fi kú ní ọdún 1946. A kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí èyí. Ṣùgbọ́n baba Herbert ni a fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ lónìí, nítorí pé gbogbo ẹni tí ó ń jẹun nípa ìwé ní ilẹ̀ yìí, ìbáà ṣe olùkọ́, ìbáà ṣe akọ̀wé, ìbáà ṣe agbẹjọ́rò, ni ó jẹ baba náà ní gbèsè, bí ọ̀pọ̀ wọn kò tilẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀.

Alùfáà Thomas Babington Macaulay ni à ń wí. Kí òǹkàwé má ṣe tìtorí orúkọ yìí pè é ní òyìnbó. Òyìnbó kan ń jẹ́ ẹ lóòótọ́, òpìtàn ńlá kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tí baba rẹ̀ ti ṣe gómìnà ní Sàró nígbà kan rí. Ṣùgbọ́n ti wa yìí, ọmọ Yorùbá pọ́ńbélé ni. Ará Ìkìrun ni Òjó, baba rẹ̀. Ará Ọ̀yọ́ ni Kílàńgbé, ìyá rẹ̀. A kó àwọn méjèèjì lẹ́rú, a sì tà wọ́n, kí àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó gbà wọ́n sílẹ̀ lójú òkun, tí wọ́n sì kó wọn lọ sí Sàró. Ní Kissy, lẹ́bàá Freetown, ni wọ́n bí Thomas sí ní ọdún 1826.

Ẹgbẹ́ ajíhìnrere C.M.S. rán an lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó kàwé ní ilé-ẹ̀kọ́ wọn ní Islington, ó sì kàwé ní King's College ní London. Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ níhìn-ín. Òjó, ẹni tí wọ́n kó sínú ọkọ̀ bí ẹrù ọjà, ọmọ bíbí inú rẹ̀ ni ó jókòó ti ìwé ní London yìí. Ìran kan ṣoṣo ni ó wà láàárín méjèèjì. Bí ẹnikẹ́ni bá ń bèèrè ohun tí ilé-ẹ̀kọ́ lè ṣe fún ọmọ ẹni tí kò ní nǹkan kan, a kò mọ àpẹẹrẹ tí a tún lè nawọ́ sí jù èyí lọ.

Nígbà tí ó padà sí ilẹ̀ baba rẹ̀, Abẹ́òkúta ni ó kọ́kọ́ ti ṣiṣẹ́. Ní ọdún 1854 ó fi Abigail ṣe aya, ọmọbìnrin Samuel Ajayi Crowther, ẹni tí ó padà di bíṣọ́ọ̀bù. Henry Venn, akọ̀wé C.M.S. ní London, fẹ́ kí àwọn ọmọ ilẹ̀ yìí ní ilé-ẹ̀kọ́ gírámà tiwọn. Èrò Macaulay náà sì nìyẹn. Ṣùgbọ́n àwọn kan nínú àwọn òyìnbó ajíhìnrere tí ó wà nílẹ̀ kò fi ara mọ́ ọn. Wọ́n ń bẹ̀rù pé ọmọ dúdú tí ó bá mọ ìwé ju bí ó ti yẹ lọ yóò gbéraga. Èrò yìí kò tíì kú. A ṣì ń gbọ́ ọ títí di òní, kì í sì í ṣe lẹ́nu òyìnbó mọ́, nígbà tí àwọn kan bá ń wí pé kí ni ọmọ àgbẹ̀ fẹ́ fi ìwé púpọ̀ ṣe.

Èkó ni iṣẹ́ náà ti wá bọ́ sí i. Ní oṣù kẹrin ọdún 1859, ọ̀gá atukọ̀ òkun àti oníṣòwò kan, James Pinson Labulo Davies, ọmọ Sàró bí Macaulay tìkára rẹ̀, yọ £50 kalẹ̀ kí a fi ra ìwé àti ohun èlò. Owó ńlá ni £50 nígbà náà, inú àpò ọmọ Yorùbá ni ó sì ti jáde. Ní ọjọ́ 6 oṣù kẹfà ọdún náà ni Macaulay ṣí ilẹ̀kùn ilé kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Cotton House ní Broad Street, ó sì gba ọmọkùnrin 6 wọlé. Inú ilé-ẹ̀kọ́ ni gbogbo wọn ń gbé. Ó ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì, Látìn, Gíríkì, ìṣirò, ìtàn, ìmọ̀ nípa ilẹ̀ ayé àti Bíbélì.

Kí àwọn olùkọ́ wa kíyè sí ọdún yẹn dáradára. Dòsùnmú ni ó wà lórí oyè ní Èkó ní ọdún 1859. Ọdún 1861 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó gba ìlú náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ gírámà wa ṣáájú ìjọba wọn dé. Nígbà tí ìjọba náà sì dé tán, kò yára. Ọdún 1877 ni ó bẹ̀rẹ̀ sí fún ìjọ mẹ́ta tí ó ní ilé-ẹ̀kọ́ ní Èkó ní £200 lọ́dọọdún, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ilé-ẹ̀kọ́ gírámà tí ìjọba fi ọwọ́ ara rẹ̀ dá sílẹ̀, King's College ti Èkó, di ọdún 1909: 50 ọdún gééré lẹ́yìn Cotton House.

Àwọn kan ti bú Macaulay nítorí Látìn àti Gíríkì yìí. Wọ́n ní kí ni ọmọ Èkó fẹ́ fi wọ́n ṣe, wọ́n ní akọ̀wé lásán ni ilé-ẹ̀kọ́ náà ń pèsè. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Àwa pẹ̀lú ìbá fẹ́ kí èdè Yorùbá ní àyè tí ó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ìgbà tí ìwé àti òfin di ohun tí a fi ń gba ilẹ̀ ẹni lọ́wọ́ ẹni, ta ni yóò ka ìwé náà, tí yóò sì dá a lóhùn? Ní ọdún 1920, nígbà tí Olóyè Olúwa gbé ẹjọ́ ilẹ̀ Àpápá lọ sí London, akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ ilé-ẹ̀kọ́ yìí kan náà ni ó tẹ̀ lé e lọ, Herbert Macaulay. Olúwa sì jàre ní ọdún 1921.

Ohun tí ó dùn wá jù ni ti iye ẹni tí ó rí ẹnu ọ̀nà náà wọ̀. Owó tí àwọn òbí ń san ni ilé-ẹ̀kọ́ náà fi ń dúró. Ẹni tí kò ní owó, ìta ni ọmọ rẹ̀ wà. Ọmọbìnrin kò sí nínú rẹ̀ rárá; ọdún 1869 ni C.M.S. tó ṣí ilé-ẹ̀kọ́ fún wọn ní Èkó, èyí tí ó di St. Anne's ní Ìbàdàn lónìí, Abigail Macaulay sì wà lára àwọn tí ó ronú rẹ̀. Àwọn ará òkè ńkọ́? Abẹ́òkúta kò ní ilé-ẹ̀kọ́ gírámà títí di ọdún 1908, Ìbàdàn àti Ìjẹ̀bú-Òde, 1913, Oǹdó, 1919, Ifẹ̀, 1932, Adó-Èkìtì, 1933. Ọdún 1955 ni ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn. Ti gírámà di ọ̀fẹ́ ní ìpínlẹ̀ Èkó, Ògùn, Ọ̀yọ́, Oǹdó àti Bendel ní ọdún 1979, 120 ọdún lẹ́yìn àwọn ọmọ 6 wọ̀nyẹn. Ìran mélòó ni ó ti kọjá lọ láàárín?

Àkàsọ̀ tí ó wà lókè gírámà tilẹ̀ jìnnà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ tí ó bá jáde ní Cotton House, bí ó bá ń fẹ́ oyè yunifásítì, ọkọ̀ ojú omi ni yóò wọ̀, ìbáà ṣe sí Fourah Bay ní Sàró, ìbáà ṣe sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Yaba Higher College dé ní ọdún 1934, kò sì ní agbára láti fúnni ní oyè. Ọdún 1948 ni University College dé sí Ìbàdàn, pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ 104.

Macaulay kò rí ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí. Ó ti ṣe ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ náà fún ọdún 18 nígbà tí àrùn ṣọ̀pọ̀ná wọ Èkó, òun ni ó sì pa á ní ọdún 1878. Ní ọdún kejì, Isaac Oluwole, ọmọ Abẹ́òkúta tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba oyè ní Fourah Bay, gba ipò ọ̀gá. Ọdún 14 ni ó fi wà níbẹ̀ kí wọ́n tó fi í ṣe bíṣọ́ọ̀bù. Herbert jẹ́ ọmọ ọdún 13 nígbà tí baba rẹ̀ kú, kò sì tíì ju ọdún kan lọ tí ó wọ ilé-ẹ̀kọ́ náà. Kò kúrò níbẹ̀. Ó jókòó ti ìwé rẹ̀ ní Broad Street títí di ọdún 1880.