Audubon: Ayàwòrán ẹyẹ tó ṣẹ̀wọ̀n nítorí gbèsè, tí iṣẹ́ rẹ̀ di olówó ńlá lẹ́yìn ikú rẹ̀

Bó pẹ́ bó yá, akólòlò yóò pe baba. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ lọ̀rọ̀ rí fún John James Audubon, ayàwòrán ẹyẹ tí wọ́n tì mọ́lé nítorí gbèsè lọ́dún 1819, ṣùgbọ́n tí wọ́n ra odindi ìwé àwòrán rẹ̀ kan ní mílíọ̀nù méje pọ́n-ùn ó lé ní ọjà gbàǹjo nílùú London, lóṣù Kejìlá, ọdún 2010. Nígbà náà, ó ti tó ọdún 159 tó ti kú.

Ọjọ́ 26, oṣù Kẹrin, ọdún 1785 ni wọ́n bí i nílùú Les Cayes, ní ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Haiti lónìí. Ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi, ọmọ Faransé, ni baba rẹ̀, ó sì ní oko ìrèké tí àwọn ẹrú tí wọ́n kó láti ilẹ̀ Áfíríkà ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ìyá rẹ̀ kò pẹ́ kú lẹ́yìn tó bí i, ìyàwó baba rẹ̀ ló sì tọ́ ọ dàgbà ní Faransé. Lọ́dún 1803, nígbà tí Napoleon ń fi tipátipá kó àwọn ọ̀dọ́ wọ iṣẹ́ ológun, baba rẹ̀ yára fi í ránṣẹ́ sí Amẹ́ríkà. Ibẹ̀ ló ti pàdé Lucy Bakewell, tí wọ́n sì ṣègbéyàwó lọ́dún 1808.

Òwò ni Audubon kọ́kọ́ dáwọ́ lé ní Kentucky. Ó ní ṣọ́ọ̀bù, ó sì dá ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń lọ ọkà, tí wọ́n sì ti ń la pákó sílẹ̀. Ohun tí kò ṣe é bò mọ́lẹ̀ nínú ìtàn rẹ̀ ni pé ó ra ẹrú, ó sì tà wọ́n. Nítorí èyí ni àwọn ẹgbẹ́ kan tó ń dáàbò bo ẹyẹ ní Amẹ́ríkà ṣe yọ orúkọ rẹ̀ kúrò lára tiwọn láwọn ọdún àìpẹ́ yìí. Nígbà tí ọrọ̀ ajé dẹnu kọlẹ̀ lọ́dún 1819, òwò náà fọ́, ó sì di ẹni ẹ̀wọ̀n. Iṣẹ́ olùkọ́ tí Lucy ń ṣe ni wọ́n fi ń gbọ́ bùkátà àwọn ọmọ.

Látìgbà náà ló ti gbájú mọ́ ẹyẹ yíyà. Á yìnbọn pa ẹyẹ, á fi wáyà gbé e dúró bí ẹni pé ó ṣì wà láàyè, á sì yà á bó ṣe tóbi gan-an. Nígbà tí kò rí ẹni tẹ̀ ẹ́ ní Amẹ́ríkà, ó wọkọ̀ lọ sí ìlú Liverpool lọ́dún 1826. Lizars ní Edinburgh ló fín mẹ́wàá àkọ́kọ́ sára àwo bàbà, kí iṣẹ́ náà tó bọ́ sọ́wọ́ Robert Havell ní London. Ọdún 1827 sí 1838 ni wọ́n fi tẹ àwòrán 435 náà, ọwọ́ ni wọ́n sì fi kun gbogbo wọn. Bébà náà ga ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta lọ. Márùn-ún márùn-ún ni àwọn oníbàárà ń gbà á, ìwé tó pé sì jẹ́ ẹgbẹ̀rún kan dọ́là. Èyí tó pé kò tó igba.

Ibí yìí ni iye rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Nǹkan bí 120 tó pé ni wọ́n mọ̀ pé ó ṣẹ́kù, wọ́n sì ti tú àwọn mìíràn láti máa tà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá fẹ́ díye lé ọ̀kan yóò gbé e síwájú iná, kó lè rí orúkọ Whatman, tó ṣe bébà náà, àti ọdún tó ṣe é. Yóò wo ojú ibi tí àwo bàbà ti tẹ bébà wọnú. Yóò fi awò tó ń sọ kékeré di ńlá wo ọ̀dà rẹ̀, nítorí pé tó bá jẹ́ tóótòòtó ló rí, ẹ̀rọ ìgbàlódé ló tẹ̀ ẹ́. Bí wọ́n bá ti gé etí bébà náà, tàbí tí oòrùn ti pa á láwọ̀, owó rẹ̀ yóò já wálẹ̀. Ẹyẹ ńlá bíi tòlótòló sì máa ń gbówó ju ẹyẹ kéékèèké lọ.

Ọjọ́ 27, oṣù Kìíní, ọdún 1851 ni Audubon kú ní New York, lẹ́yìn tí iyè rẹ̀ ti ra. Ìyà owó kò jẹ́ kí Lucy sinmi. Lọ́dún 1863, ó ta àwọn àwòrán tí ọkọ rẹ̀ fọwọ́ yà fún ẹgbẹ́ ìtàn ìlú náà. Àwọn àwo bàbà ńkọ́? Bí irin àlòkù ni wọ́n ta ọ̀pọ̀ nínú wọn, wọ́n sì ti ń sọ wọ́n sínú iná kí ọmọdékùnrin kan ní ilé iṣẹ́ bàbà náà tó ké gbàjarè. Nǹkan bí ọgọ́rin ló ṣẹ́kù nínú wọn.

Ẹni tó bá jogún ohun àtijọ́, kó kọ́kọ́ bi ẹni tó mọ̀ ọ́n, kó tó pe oníirin àlòkù wọlé.