Murtala Muhammed àti Mọ́tò Oníkan

Ẹni tó bá ń nájà ní Ìkòròdú tàbí ní Ẹ̀pẹ́ ti rí ojú Murtala Muhammed lórí owó 20 náírà láìmọye ìgbà. Ẹni tó bá wọ bàálù ní Ìkẹjà ti ka orúkọ rẹ̀ lára pápákọ̀ òfurufú. Ṣùgbọ́n ohun tó sọ ìtàn rẹ̀ jù lọ wà ní mùsíọ́ọ̀mù ìjọba àpapọ̀ ní Oníkan, l'Ékòó: Mercedes-Benz dúdú kan tí ihò ọta ìbọn wà lára rẹ̀.

Àwọn olówó a máa ra mọ́tò àtijọ́ tí wọ́n ṣe ní Yúróòpù, pàápàá irú èyí tí wọ́n ṣe fún eré sísá. Wọn a tẹ́ gbogbo ibi tó wọnú, wọn a kùn ún lọ́dà, títí yóò fi dà bí ìgbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nílé-iṣẹ́. Mọ́tò Oníkan náà ti dàgbà, Jámánì ni wọ́n sì ti ṣe é, ṣùgbọ́n ohun tí wọn kò dí lára rẹ̀ ló mú kó níye lórí.

Kánò ni wọ́n bí Murtala sí ní ọjọ́ 8 oṣù kọkànlá ọdún 1938. Ó lọ sí Barewa College ní Zaria, ó wọ iṣẹ́ ológun, ó kẹ́kọ̀ọ́ ní Sandhurst nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì di ọ́físà ní 1961. Ní oṣù keje ọdún 1966, ó wà lára àwọn aṣáájú ìdìtẹ̀ tó gbẹ̀mí Ọ̀gágun Aguiyi-Ironsi àti Ọ̀gágun Fájuyì n'Ìbàdàn.

Nígbà tí ogun abẹ́lé dé, òun ni ọ̀gá Dífíṣọ̀n Kejì. Àwọn ló gba Benin padà ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1967. Oṣù tó tẹ̀ lé e, ní Àsàbà, àwọn ọmọ ogun abẹ́ rẹ̀ pa ọgọ́rọ̀ọ̀rún ará ìlú tí kò di ohun ìjà kankan mú. Lẹ́yìn náà ló gbìyànjú léraléra láti sọdá Odò Ọya sí Onitsha, ọ̀pọ̀ ọmọ ogun sì bá a lọ.

Ní ọjọ́ 29 oṣù keje ọdún 1975, Gowon wà ní Kampala nígbà tí àwọn ológun yọ ọ́ nípò. Murtala, ẹni ọdún 36, ló gorí àlééfà. Wéré ni nǹkan ń yí. Òṣìṣẹ́ ìjọba tó lé ní 10,000 pàdánù iṣẹ́. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1976, ó dúró ti MPLA ilẹ̀ Àǹgólà ní ìpàdé àwọn olórí Áfíríkà ní Addis Ababa. Ní ọjọ́ 3 oṣù kejì, ó kéde pé ìpínlẹ̀ 12 yóò di 19, ibẹ̀ ni Ọ̀yọ́, Ògùn àti Oǹdó ti jáde láti inú Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn. Ó tún kéde pé olú-ìlú yóò kúrò l'Ékòó lọ sí Abuja, gẹ́gẹ́ bí ìgbìmọ̀ Adájọ́ Akínọlá Àgúdà ṣe dábàá.

Ọjọ́ mẹ́wàá péré ló kù. Ní òwúrọ̀ Jímọ̀, ọjọ́ 13 oṣù kejì, mọ́tò rẹ̀ há sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ní Ìkòyí, nítòsí Sẹkitéríàtì ìjọba àpapọ̀. Kò sí ọ̀wọ́ ọkọ̀ tó ń sin ín lọ, kò sí fèrè. Àwọn ẹmẹ̀wà Dimka yìnbọn lù wọ́n. Murtala kú, awakọ̀ rẹ̀ kú, Lẹ́fútẹ́nàǹtì Akíntúndé Akínsẹ̀hìnwà, ọmọ Yorùbá tó jẹ́ ẹ̀ṣọ́ rẹ̀, náà kú. Ìdìtẹ̀ ọ̀hún forí ṣánpọ́n, Ọbásanjọ́ sì gba ipò náà.

Ọdún tó tẹ̀ lé e ni owó 20 náírà jáde. Òun ni owó bébà tó tóbi jù lọ nígbà náà, ojú Murtala tó wà lórí rẹ̀ sì ń dán. Bí a ṣe ń sọ ìtàn rẹ̀ náà nìyẹn nígbà púpọ̀: akọni tí kò lábùkù. Ojú àpá kò lè jọ ojú ara. Ọkùnrin tó fún wa ní Ìpínlẹ̀ Ògùn náà ni ọ̀gá àwọn tó wọ Àsàbà. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ mi, bí ẹ bá dé Oníkan, ẹ wo ihò ara mọ́tò náà dáadáa, kí ẹ sì bèèrè Àsàbà pẹ̀lú.